Má Gba Orúkọ Cooper Lọ́wọ́ Bàbá Desmond

Yarnton Way, Thamesmead,
Ọ̀sán Ọjọ́ Àìkú.

Fúnmiláyọ̀, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Jókòó dáadáa kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé yìí. Gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé orí àpótí bí ìyá rẹ ṣe sọ, kí o sì bu tíì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ, nítorí ìwé náà gùn. Mo mọ̀ pé wàá ní, "Daddy, kí ló dé tí ẹ ò fi fóònù pè mí?" Bí mo bá fi fóònù pè ọ́, kí n tó sọ̀rọ̀ dé ìdajì, ìwọ á ti ní, "Mo ti gbọ́, Daddy, mo ti gbọ́," bẹ́ẹ̀ o ò sì tíì gbọ́ nǹkan kan. Ìwé ní tirẹ̀, kò sí ẹni tó lè já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀.

Ara wa le níbí, a dúpẹ́. Ìyá rẹ ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó ti bọ́ sùtánà rẹ̀, ó sì ti sùn lọ fọnfọn, torí láti ibi iṣẹ́ nílé àwọn arúgbó ló ti gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ láàárọ̀. Báàgì tó máa gbé wá bá yín ní Manchester ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá: òrí, kànrìnkàn, ọṣẹ dúdú, ìró tó máa fi pọn ọmọ. Mo ní, "Ìyá Fúnmi, ó ṣì ku oṣù méjì o." Ó ní kí n fi òun sílẹ̀, pé ọmọ kì í wo kàlẹ́ńdà. Mo ti kọsẹ̀ lára báàgì náà títí, mo ti ń kí i bí ẹni kí àlejò.

Ó dáa, ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ nìyí. Ní ọjọ́ Àìkú tí ẹ wá kí wa gbẹ̀yìn, lẹ́yìn tí a jẹun tán, Desmond ọkọ rẹ dìde ní pálọ̀ mi, ó ní òun fẹ́ bá Daddy sọ̀rọ̀. Ó ní òun ti pinnu láti lọ bá lọ́yà kí ọmọ tó dé, kí òun bọ́ orúkọ Cooper sílẹ̀, kí òun máa jẹ́ Desmond Ọdẹ́yẹmí, kí ọmọ tó ń bọ̀ náà sì jẹ́ Ọdẹ́yẹmí. Ó ní orúkọ àwọn tó kó àwọn baba òun lẹ́rú ní Jamaica ni Cooper, òun ò sì fẹ́ kí ọmọ òun gbé e. Ìwọ náà wà níbẹ̀, ò ń wò mí, ò ń rẹ́rìn-ín músẹ́. O sì rí ohun tí mo ṣe. Mo dìde, mo jó. Èmi tí mi ò jó nígbà tí mo gba ìwé àṣẹ awakọ̀ bọ́ọ̀sì, mo jó yí tábìlì ká, mo sì dì mọ́ àna mi títí àwo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́.

O mọ ìdí rẹ̀. Ọmọbìnrin mẹ́ta ni Ọlọ́run fi ta mí lọ́rẹ, mi ò sì fi ọ̀kankan nínú yín ṣe pàṣípààrọ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti bí àbúrò rẹ tó kéré jù, gbogbo ìgbà tí mo bá dé ilé ni àwọn èèyàn máa ń bi mí pé, "Ta ni yóò wá jẹ́ orúkọ yín nílẹ̀ Òyìnbó báyìí?" Mo máa ń fi ẹ̀rín gbé e. Ó máa ń dùn mí. Nítorí náà nígbà tí ọmọkùnrin gíga kan dúró níwájú mi tó ní òun fẹ́ jẹ́ orúkọ mi, inú mi dùn débi tí mi ò fi ronú.

Mo ti wá ronú báyìí. Mo ní kí ẹ má ṣe é. Sọ fún Desmond pé mo dúpẹ́, mo dúpẹ́ gidigidi, ṣùgbọ́n kó má lọ sọ́dọ̀ lọ́yà. Kí ó máa jẹ́ Cooper, kí ọmọ rẹ̀ sì jẹ́ Cooper. Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn. Ìyókù ìwé yìí, bí mo ṣe dé ibẹ̀ ni, pẹ̀lú ìmọ̀ràn díẹ̀díẹ̀ tí baba gbọ́dọ̀ fún ọmọ rẹ̀ tó ti di ìyàwó ilé.

Ní ọjọ́ kejì tí ẹ lọ, mo pe Bọ̀dá mi àgbà ní Ìbàdàn, mo fẹ́ fi yangàn. Mo ní, "Bọ̀dá mi, ẹ bá mi dúpẹ́, a ti ní Ọdẹ́yẹmí tuntun." Mo ròyìn fún wọn. Mo retí kí wọ́n hó. Wọn ò hó. Wọ́n wá ní, "Ọmọ tí Fúnmi fẹ́ bí yìí, ṣé kò ní baba ni?"

Mo ní, "Ó ní baba kẹ̀, baba rẹ̀ gan-an ló sọ ọ́."

Wọ́n ní, "Baba ọkọ Fúnmi ńkọ́, ṣé ó ti kú ni?"

Mo ní, "Ó wà láàyè. Plumstead ló ń gbé, kò jìnnà sí wa."

Wọ́n ní, "Ó wà láàyè, ẹ wá fẹ́ kó ọmọ rẹ̀ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá sílé wa? Kí ni bàbá náà ṣe fún yín?"

Àbẹ̀kẹ́, òótọ́ ni Bọ̀dá mi sọ. O mọ̀, tàbí o yẹ kí o mọ̀, pé nílé wa, ọmọ tó bá ń jẹ́ orúkọ ilé ìyá rẹ̀, ọmọ tí ẹnì kankan kò wá tọrọ ni. Ọmọ tí wọ́n bí tí kò sí ẹni tó jáde pé tèmi ni. Mo mọ èyí kí n tó mọ A B D. Èmi ni mo máa ń fi ẹnu mi sọ ọ́ fún àwọn èèyàn ṣọ́ọ̀ṣì. Ayọ̀ ló dí mi létí. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, èmi ò wo ilé kankan, ojú ara mi ni mò ń wò nínú díńgí.

Ìyẹn gan-an ni ìmọ̀ràn àkọ́kọ́. Bí ohun kan bá dùn mọ́ ọ jù, ní sùúrù ọjọ́ kan pẹ̀lú rẹ̀, kí o sì sọ ọ́ létí àgbàlagbà kan tí kì í tètè rẹ́rìn-ín. Bí ó bá rẹ́rìn-ín, máa bá ayọ̀ rẹ lọ.

Mo ní kí n lọ rí Bàbá Desmond. Kí n má purọ́, láti ìgbà tí ìwọ àti Desmond ti ń fẹ́ra yín, "good morning" àti ọ̀rọ̀ òjò nìkan ló wà láàárín àwa méjèèjì. A pàdé ní ọjọ́ ìgbéyàwó, a jọ ya fọ́tò, ó parí. Ìwádìí tó yẹ kí baba ìyàwó ṣe kí ó tó fi ọmọ rẹ̀ fọ́kọ, mi ò ṣe é. Mo ní ìlú Òyìnbó la wà, kí ni mo fẹ́ wádìí. Bí ó bá jẹ́ Ìbàdàn ni, ǹ bá ti mọ orúkọ ìyá ìyá Desmond, ǹ bá mọ irú àìsàn tó máa ń ṣe wọ́n àti irú ẹran tí wọn kì í jẹ.

Mo wọ kóòtù mi, mo gba Plumstead High Street, mo ra àgbàdo àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ dání kí ọwọ́ mi má baà ṣófo, mo gun òkè lọ síhà Plumstead Common níbi tí ilé rẹ̀ wà. Ó ṣílẹ̀kùn, ó wo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó wo mí, ó ní, "Ta ló kú?" Mo ní kò sẹ́ni tó kú. Ó ní kí n wọlé. O mọ pálọ̀ náà, ibi tí rédíò wà lórí tábìlì tí kì í kú láti àárọ̀ dalẹ́. Ó gbé ohun mímu atalẹ̀ wá, èyí tó máa ń ta èèyàn lọ́fun, a jókòó, a ń wo ara wa.

Bí a ṣe jókòó, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò dárúkọ obìnrin kan tó ń jẹ́ Cooper, pé ó gba àmì-ẹ̀yẹ nítorí pé ó fi ọdún gbọọrọ tọ́jú àwọn aláìsàn. Bàbá yìí na ọwọ́ sókè bí ọmọ ilé-ìwé tí tíṣà pe orúkọ rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀kan nínú tiwa." Mo bi í pé ṣé ẹbí ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní rárá, Òyìnbó ni.

O mọ ìwà yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwọ ló sọ fún mi pé Desmond máa ń sọ pé, "Dad, àwọn yẹn kì í ṣe èèyàn wa." Mo ti gbọ́ ọ, mo sì ti fi í ṣe ẹ̀rín pẹ̀lú ìyá rẹ. Lọ́jọ́ yẹn mo ní kí ó sọ gbogbo wọn fún mi. Inú rẹ̀ dùn. Ó kà wọ́n fún mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: Cooper kan tó rìn lórí yìnyín lọ sí ibi tí ilé ayé ti tutù jù. Cooper kan tó jẹ́ adájọ́. Cooper kan tó ń fò jìnnà ní pápá eré ìdárayá. Kápútéènì Cooper nínú eré orí rédíò kan, tí ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ kì í rì bó ti wù kí ìjì jà tó. Ìyáàfin Cooper tó ń ta ẹja nínú eré orí tẹlifíṣọ̀n, tí ẹnì kankan kì í lè rẹ́ jẹ. Mo ní, "Ṣùgbọ́n àwọn méjì tó gbẹ̀yìn yìí, wọn ò tilẹ̀ sí láyé. Ẹnìkan ló jókòó tó rò wọ́n." Ó ní òun mọ̀. Ó ní nígbà tí òun dé ìlú yìí, kò sí ẹni tó mọ òun, kò sí ẹni tó mọ baba òun, wọ́n ń wo òun bí ẹni tó hù láti inú ilẹ̀. Nígbà tí òun bá wá gbọ́ pé Cooper kan ṣe dáadáa, ara òun máa ń yá. Ó ní kò pa ẹnikẹ́ni lára.

Fúnmi, ìgbà yẹn ni ojú mi là. Oríkì ni bàbá yìí ń kì. Kò sí ìyá àgbà tó máa kì í láàárọ̀, ló bá ń ki ara rẹ̀. Bàbá mi, bàbá bàbá rẹ, akọ̀wé ni lọ́fíìsì rélùwéè ní Òṣogbo. Bí ó bá rí eku, orí àga ló ń gùn. Ṣùgbọ́n ní gbogbo òwúrọ̀ ni ìyá rẹ̀ máa ń pè é ní ọmọ ọdẹ, ọmọ a-pa-ẹfọ̀n-kó-ìwo-wálé, àyà bàbá mi á sì yọ síwájú, á gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀, á gba ọ́fíìsì lọ. Ta ló rí ẹfọ̀n tó pa? Àwọn ọdẹ tí wọ́n ń fi kì í yẹn, ta ló mọ̀ wọ́n? Nítorí náà kí ni màá fi bú ẹni tó ń na ọwọ́ sókè sí rédíò?

Mo sọ ohun tí ọ̀rẹ́ mi kan ní gáréèjì sọ fún mi, pé láyé àtijọ́, iṣẹ́ ọwọ́ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń sọ ara wọn lórúkọ: ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì, ẹni tó ń ránṣọ, ẹni tó ń rọ irin. Cooper ni ẹni tó ń fi pákó kan àgbá, irú èyí tí wọ́n ń rọ ọtí sí. Mo ní ṣé àwọn baba rẹ̀ kan àgbá rí. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó ní bàbá àgbà òun, ẹja ló ń pa, ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ nípa àgbá ni bí wọ́n ṣe ń mu ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo ní, "A bára mu. Ọdẹ tó ń sá fún eku ló bí mi." A jọ rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin yẹn dùn-ún bá jókòó, mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀rín tán, mo bi í léèrè nípa ohun tí Desmond fẹ́ ṣe. Ó gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní òótọ́ ni Desmond ń sọ, orúkọ ẹni tó ni oko ìrèké ni, kò sí ẹni tó gbé Cooper wá láti Áfíríkà. Ó ní òun fúnra òun ló sọ ọ́ fún un nígbà tó wà ní ilé-ìwé, kò sì yẹ kó ya òun lẹ́nu pé ó fi sọ́kàn. Ó wá ní, "Ṣùgbọ́n ẹni tó ni oko yẹn, èmi ò rí i rí. Ìyá mi ni mo mọ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa pe bàbá mi létí odò níbi tó ti ń pẹja pé, 'Cooper, wá jẹun.' Ohùn yẹn ni mo máa ń gbọ́ bí ẹnìkan bá pè mí."

Ó ní Desmond nìkan ṣoṣo ni òun bí. Ó ní ẹ̀yin pọ̀ nílé yín, bí Desmond bá lọ, ó tán. Ó wá wo ojú mi, ó ní ọmọ dáadáa ni ọ́, o ń tọ́jú ọmọ òun, òun ò sì fẹ́ da ilé yín rú. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n má sọ fún yín pé òun sọ nǹkan kan.

Ó ní kí n má sọ. Mo ń sọ. Kó bínú sí mi bó bá fẹ́, èmi náà ti dàgbà.

Bí mo ṣe ń bọ̀ wálé lórí bọ́ọ̀sì, mo ń wo ara mi. Ilé Ọdẹ́yẹmí kún dẹ́nu nílùú Ìbàdàn, bí o bá ju òkúta sí àgbàlá wọn, Ọdẹ́yẹmí ló máa bà. Èmi wá fẹ́ lọ mú ẹyọ kan ṣoṣo tí ẹlòmíràn ní. Ojú tì mí.

Jẹ́ kí n sọ ìtàn kan fún ọ tí mi ò sọ fún yín rí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ìlú yìí, ilé iṣẹ́ kan ní Woolwich tí wọ́n ti ti pa báyìí ni mo ti ṣiṣẹ́. Fọ́mánì wa ò lè pe Ọdẹ́yẹmí. Ó gbìyànjú, ó sú u. Mo ní ọdẹ ló wà nínú orúkọ mi, kí ó máa pè mí ní Hunter. Inú gbogbo wọn dùn. Mr Hunter ní ọ̀tún, Mr Hunter ní òsì. Mo gbé e sọ́rùn bíi táì tuntun, mo tilẹ̀ ń fi ọwọ́ sí ìwé owó-oṣù mi bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àìsàn bàbá mi le, Bọ̀dá mi rìn lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ láti fi fóònù ibẹ̀ pè mí ní ibi iṣẹ́, kí n lè tètè wálé. Àwọn tó gbé fóònù ní kò sí ẹni tó ń jẹ́ Ọdẹ́yẹmí níbẹ̀. Wọn ò purọ́. Nígbà tí lẹ́tà wọn fi dé, wọ́n ti sin Bàbá. Títí di òní, Bọ̀dá mi ò sọ̀rọ̀ sí i, èmi náà ò sì lè dárúkọ Hunter létí wọn.

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ nìyí, kí o bá mi sọ fún Desmond: èèyàn lè yí orúkọ rẹ̀ padà ní wákàtí kan, ṣùgbọ́n àwọn tó máa wá a kò ní mọ̀. Àwọn àǹtí rẹ̀ wà ní Jamaica tí wọ́n ń kọ káàdì sí i nígbà Kérésìmesì. Àwọn ọmọ wọn á dàgbà, wọ́n á wá sí ìlú yìí, wọ́n á máa bèèrè Cooper. Gbogbo wa la máa ń rò pé kò sẹ́ni tó máa wá wa.

Ìmọ̀ràn mìíràn, ìwọ gan-an ni èyí kàn. Má ṣe jẹ́ kí inú rẹ dùn nígbà tí ọkọ bá ń fi èèyàn rẹ̀ sílẹ̀ nítorí rẹ. Mo mọ̀ pé ó dùn. Ó ń dà bíi pé ìfẹ́ náà pọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ilé tí ìjà kì í wọ̀. Èmi àti ìyá rẹ fi ọ̀sẹ̀ kan bára wa yodì nítorí ibi tí a máa gbé kọ́bọ́ọ̀dù sí, bẹ́ẹ̀ ìyá rẹ ló jàre. Ọjọ́ tí ìjà bá wọ ilé yín, Desmond á rántí pé nítorí rẹ lòun ṣe bọ́ orúkọ baba òun sílẹ̀. Bí kò bá sọ ọ́ lẹ́nu, á sọ ọ́ nínú. Má jẹ́ kí irú gbèsè bẹ́ẹ̀ wà láàárín yín.

Má sì sọ fún un pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní láárí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní láárí púpọ̀. Àwọn tó kó baba ńlá rẹ̀ lọ, ó lè jẹ́ àwọn ará ilé wa ló tà á fún wọn, a ò lè sọ. Bí ó bá ń dùn ún, jẹ́ kó dùn ún, jókòó tì í. Bí ó bá fẹ́ orúkọ Yorùbá, èmi tí mo fi ọmọ fún un, mo lè fún un lórúkọ. Mo ti ní ọ̀kan lọ́kàn, ó dára, ẹnu mi ni yóò ti gbọ́ ọ. Kí ó fi síwájú Cooper, kí ó máa jẹ́ méjèèjì. Ta ló sọ pé orúkọ máa ń wúwo jù?

Mo tún gbọ́ pé o ń pe bàbá ọkọ rẹ ní Pops. Desmond ló ń pè é bẹ́ẹ̀, ọmọ rẹ̀ ni, kò burú. Ìwọ, Daddy ni kí o máa pè é. Kí o sì máa kúnlẹ̀ díẹ̀ bí o bá fẹ́ kí i, bí o bá ti bímọ tán. Sọ fún un tẹ́lẹ̀ kí o tó ṣe é o, nítorí ní ọjọ́ ìgbéyàwó yín, ìyá rẹ kúnlẹ̀ kí i, ṣe ló sáré wá gbé e dìde, ó rò pé ó ṣubú ni.

Bí o bá ń bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù láàárọ̀, ki oríkì rẹ̀ fún un. Má rẹ́rìn-ín. Mo ti bá ọ ṣètò rẹ̀, inú ohun tí òun fúnra rẹ̀ sọ fún mi ni mo ti yọ ọ́:

Cooper, ọmọ kápútéènì tí ọkọ̀ rẹ̀ kì í rì,
ọmọ a-rìn-lórí-yìnyín-má-yọ̀,
ọmọ adájọ́, ọmọ olùtọ́jú aláìsàn,
ọmọ ìyá ẹlẹ́ja tí ẹnìkan ò rẹ́ jẹ,
ọmọ a-kan-àgbá-má-jò,
ọmọ apẹja tí í jẹun nílé ìyàwó rẹ̀ lálẹ́.
Cooper, ṣé dáadáa lẹ jí?

Mo kì í fún un ní ọjọ́ Sátidé kan nígbà tí a ń rìn lórí Plumstead Common. Ó ní kí n túmọ̀ rẹ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó dúró, àwọn tó ń mú ajá rìn ń wò wá. Ó ní kí n tún un kì. Báyìí gbogbo Sátidé la jọ ń rìn níbẹ̀, ìyá rẹ ní mo ti ní ọ̀rẹ́kùnrin.

Àwọn nǹkan kéékèèké tó kù: má gbé nǹkan wúwo ní wọ́ọ̀dù tí o ti ń tọ́jú aláìsàn, pe ẹlòmíràn kó gbé e. Jẹ ẹ̀wà. Wá ṣọ́ọ̀ṣì kan lọ, bí wọn ò bá wọ funfun, kò burú, Ọlọ́run ò lè ṣì yín mọ̀. Kí o sì ka ìwé yìí fún Desmond ní èdè Gẹ̀ẹ́sì látìbẹ̀rẹ̀ dópin, títí kan ibi tí mo ti jó. Má ṣe bá mi mú ọ̀rọ̀ náà rọ̀, má sì fo ibi kankan. "Ẹ jọ̀ọ́" àti "jẹun" nìkan ló gbọ́ nínú èdè wa, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, ìwọ ni olùkọ́ rẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ kan. Mo ti sọ fún Bàbá Cooper bí a ṣe ń sọ ọmọ lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ. Mo sọ fún un pé ilé baba ló kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀, pé òun ni àgbà ilé náà, òun ló máa gbé ọmọ dání, òun ló máa pe orúkọ rẹ̀ sí i létí kí gbogbo wa tó gbọ́, tòun ti orúkọ ìdílé. Kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó ní ọwọ́ òun ti ń gbọ̀n díẹ̀ báyìí, ṣé ẹ ò ní bẹ̀rù láti gbé ọmọ lé e. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé, "Orúkọ ìdílé wo ni màá pè?"

Kì í ṣe èmi ló yẹ kí n dá a lóhùn. Ìwọ àti Desmond ni, ẹ pè é lórí fóònù lónìí, ó wà nílé.

Èmi náà á wá sí Manchester. Màá dúró sẹ́yìn rẹ̀, bí ọwọ́ rẹ̀ bá gbọ̀n, màá fi tèmi gbé e ró. Nígbà tó bá sì pe ọmọ náà ní Cooper, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣáájú mi ṣe Àmín.

Èmi ni baba rẹ,
Ọdẹ́yẹmí.